Ihò Tí Kò Gbọdọ̀ Lómi

Rárá o, Bàbá, ẹ dákun, ẹ má fi àga lọ̀ mí! Orí ìkúnlẹ̀ tí mo ti kí yín yìí náà ni mo máa wà, bí orúnkún mi bá fẹ́ bó kó bó, torí bí mo bá fìdí kan àga báyìí, ẹ ó ní kí wọ́n bu omi fún mi, ẹ ó bi mí pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́, ẹ ó bi mí pé Ọláyínká ti ń lọ iléèwé àbí kò tíì lọ, oòrùn á sì máa lọ. Oòrùn ń lọ báyìí, Bàbá! Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wọ mọ́tò, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Mashood tó gbé mi wá ṣì wà níta yẹn, mo ní kó má pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹ̀rù ń bà mí! Mo rọbí Ọláyínká fún ọjọ́ méjì gbáko, ẹ̀rù ò bà mí tó báyìí. Ọkọ mi fẹ́ wọ ihò yẹn lẹ́yìn Jímọ̀ òní, Àlàmú ọmọ yín, òun àti Kareem, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ bá omi. Ẹ gbọ́ o? Omi! Wọ́n tún ń yọ̀ o, wọ́n ń gbá ara wọn lọ́wọ́ pé omi ti fẹ́ yọ!

Ẹ ní kí ló burú níbẹ̀? Yéè! Ẹ ní kí ló burú nínú kí agbẹ́kànga rí omi? Bàbá Bámgbóṣé, ohun tó gbé mi wá gan-an nìyẹn! Kì í ṣe kànga! Kì í ṣe kànga, kì í ṣe kànga, mo ti ń wí i láti Èrèlé!

Ẹ jẹ́ n rán yín létí, mo mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọkọ̀ kọ́mpìnnì yẹn wá dúró síwájú ilé yín níbí, gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló jáde wò ó. Wọ́n ní àwọn ń wá ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí òkúta kan ní abà Ìdí-Ayùnrẹ́, létí Ògbómọ̀ṣọ́, òkúta funfun tí wọ́n ń lọ̀ ṣe pọ́dà, tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé, tí wọ́n tún fi ń ṣe pépà. Wọ́n ní ìlú òyìnbó ni àwọn ti ń kó o wá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Sáàpù ìjọba ti dé, náírà ti wó, kí kálukú máa wá ohun tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó dáa, kò burú. Ẹ pe ọkọ mi, ẹ pe Kareem, torí nínú gbogbo agbẹ́kànga tó wà lábẹ́ yín, àwọn méjèèjì lọ́wọ́ wọn yá jù. Ẹ gbé díígà àtijọ́ yẹn jáde, èyí tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún yín, ẹ ní kí wọ́n fẹnu kàn án, ẹ sì ní kí wọ́n wí tẹ̀lé yín pé, “A ò ní fi ihò yìí sílẹ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi dé ẹnu Bàbá.” Wọ́n wí i! Kareem tó jẹ́ onímàle, tó ṣe bísímílàhì kó tó fẹnu kan irin, ó wí i!

Èmi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni mo dúró sí. Mo bi yín, mo ní, “Bàbá, ṣé kànga ni wọ́n fẹ́ lọ gbẹ́ ni?” Ẹ rántí ohun tí ẹ fi dá mi lóhùn? Ẹ ní, “Ihò ni ihò.” Ẹ ní kí n lọ wo ọbẹ̀ mi níná kó má bàa jóná. Mo sì lọ, torí mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ dúró bíi bàbá ọkọ níjọ́ ìdána mi. Ọbẹ̀ yẹn ò jóná, Bàbá. Ilé mi ló fẹ́ jóná yìí.

Hẹ̀n-ẹn, àṣà ni. Mi ò bú àṣà, ta ni mí? Ó yé mi. Ẹni tó bá fi kànga sílẹ̀ láàbọ̀, tí kò lómi, tí kò ní ọmọrí, ọmọ ọlọ́mọ ló máa já sí i, ìdí nìyẹn tí àwọn baba ńlá yín fi ní kí wọ́n máa fẹnu kan irin. Ọgbọ́n ni. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ débi omi, kí wọ́n pọn omi àkọ́kọ́ wá fún olórí wọn, kó tọ́ ọ wò, kó fi ọwọ́ kan irin, kó ní ó parí. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n kànga ló lópin, Bàbá. Omi ni òpin kànga. Kí ni òpin ihò òkúta? Bí funfun yẹn bá lọ sísàlẹ̀, wọ́n á tẹ̀ lé e. Bó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á yà bá a. Láti Èrèlé títí di Ọwẹ́wẹ̀ tí a wà yìí, wọ́n ti dé ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, ọkọ̀ kọ́mpìnnì ń kó, kò sú wọn, kò sì lè sú wọn. Ẹ ti fi irin so ọkọ mi mọ́ iṣẹ́ tí kò lópin!

Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń mirí? Ẹ ò dé ibẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ẹnu mi, àmọ́ ẹ ò dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ n sọ bí òkúta ọ̀hún ṣe rí fún yín. Ó funfun, ó sì tún ní àwọ̀ ewé díẹ̀ lára. Èékánná lásán lẹ máa fi fà á, á ti ya. Bí ẹ bá dijú fọwọ́ pa á, ẹ ó búra pé ọṣẹ ni. Àwọn télọ̀ ìdí Takie ti ń fi àṣẹ́kù rẹ̀ fa ìlà sórí aṣọ, wọn ò ra ṣọ́ọ̀kì mọ́. Àárín òkúta dúdú méjì ló wà, òkúta dúdú tó le bí irin, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òun wá wà láàárín wọn ní ìpele ìpele bí ìwé. Kò dúró gangan o. Ó dagun. Gbogbo rẹ̀ ló tẹ̀ sápá kan, òkúta dúdú òkè yẹn sì gbé ara lé e.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọkọ mi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ sára ògiri, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kéèyàn ya ẹsẹ̀ méjèèjì kó máa gùn ún bọ̀ láìlo àkàsọ̀. Nínú ilẹ̀ pupa Ọ̀yọ́, ojú ẹsẹ̀ yẹn ń pẹ́ ju ẹni tó gbẹ́ ẹ lọ. Nínú òkúta yẹn, oṣù kan péré, ó ti dán bí inú abọ́. Kareem yọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọpẹ́lọpẹ́ okùn ìbàdí rẹ̀. Títí di àárọ̀ yìí, bó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ di ìhà mú. Ihò ni ihò, àbí?

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, Bàbá, èmi ni mo ń fọ aṣọ rẹ̀. Láti Èrèlé, bó bá ti dé, á funfun báláú bí ẹni tó yí nínú ìyẹ̀fun, Ọláyínká á máa pariwo, á máa sá fún bàbá rẹ̀. Màá gba ṣòkòtò iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, màá gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ á fò lọ. Mi ò kì í lo ọṣẹ. Gbígbẹ ni. Láti oṣù Agẹmọ wá, ojoojúmọ́ ni mo máa ń fọwọ́ tọ́ etí ṣòkòtò yẹn wò bí ẹni tó ń tọ́ ara ọmọ wò bóyá ó gbóná. Bó bá ti gbẹ, ọkàn mi á balẹ̀, màá lọ tẹ́ ẹní.

Ẹ ní kí ló kàn mí kàn gbígbẹ? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, ibẹ̀ ni mo ń bọ̀. Kọ́mpìnnì mú ọmọ kan wá láti yunifásítì kó wá máa yẹ òkúta wò fún wọn, Mubaraq lorúkọ rẹ̀, ẹnjiníà là ń pè é. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Nínú oṣù Agẹmọ, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ síbẹ̀, mo bi í pé, “Ẹnjiníà, ṣé ihò yìí á lómi báyìí?” Èmi òmùgọ̀, mo fẹ́ kó lómi, torí mo ti rí i pé omi nìkan ló lè tú ọkọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ irin yín. Ojú ọmọ yẹn yí padà. Ó ní, “Ìyá Ọláyínká, ẹ má gba àdúrà yẹn mọ́.” Ó gba abọ́ tánganran méjì tí mo fi gbé oúnjẹ wá, ó bu lẹ́búlẹ́bú òkúta yẹn sẹ́yìn ọ̀kan, ó gbé ìkejì lé e lórí, ó wá tẹ̀ wọ́n sápá kan bí òkúta yẹn ṣe tẹ̀. Wọn ò mira. Ó wá ki ìka bọ omi, ó kán an sí i, tó, tó, tó, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Bàbá! Abọ́ òkè ṣáà ń lọ ni! Ó lọ tìrìrì, ó já lulẹ̀ gbàà, ẹnu rẹ̀ ṣá títí dòní, bí ẹ bá fẹ́, màá fi hàn yín. Ó ní, “Abọ́ tó já yẹn, òkúta dúdú orí wọn ni. Ọjọ́ tí omi bá fi lè dé inú ihò yìí, kí ẹnikẹ́ni má mú díígà o. Kí wọ́n sá.”

Kí wọ́n sá, ló wí! Ẹ̀yin ní kí wọ́n má kúrò àfi bí omi bá dé. Òun ní bí omi bá dé kí wọ́n kúrò. Ẹ̀yin méjèèjì ò sì mọ ara yín rí, ọkọ mi ló wà láàárín.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ẹnjiníà náà sọ fún máníjà, ó tún kọ ọ́ sínú ìwé. Máníjà fi ìwé náà sábẹ́ fáìlì, lọ́sẹ̀ kejì wọ́n dá Mubaraq padà sí Ìbàdàn. Òjò ńlá wá dé, irú èyí tí a ò rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Òjò ọjọ́ mẹ́rin yìí, ṣé ẹ̀yin náà rí i ní Ọ̀yọ́ níbí? Lánàá, Àlàmú wọlé, ó ń kọrin. Àlàmú o! Ẹni tí kì í lanu sọ̀rọ̀ kó tó jẹun! Ó ní, “Àbíkẹ́, ó ti fẹ́ tán o, ẹsẹ̀ ògiri ti ń làágùn.” Mo gba ṣòkòtò lọ́wọ́ rẹ̀, mo na ọwọ́ pé kí n gbọ̀n ọ́n bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò gbọ̀n. Ó wúwo. Ó ti tutù dé orúnkún, funfun yẹn ti di ohun tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí ilá. Aṣọ náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mú un, ó tún yọ̀ bọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọmọ.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ yín ni mo kọ́kọ́ sá wá, mo bẹ ọkọ mi! Mo kúnlẹ̀ fún un bí mo ṣe kúnlẹ̀ yìí, mo sunkún, mo ní, “Bàbá Ọláyínká, má padà síbẹ̀ mọ́, jẹ́ ká lọ máa dáko nílé bàbá mi.” Ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí n dà bí Àkànní ará Awẹ́ ni?”

Àkànní ará Awẹ́! Ẹ̀yin náà lẹ fi ìtàn yẹn sí gbogbo wọn létí, pé Àkànní fi kànga sílẹ̀ láìlómi, pé kò pé oṣù mẹ́ta tó fi já sínú ṣáláńgá ara rẹ̀, pé ihò tẹ̀ lé e délé. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ihò ló tẹ̀ lé e ni àbí ẹmu? Ìyàwó Àkànní fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé agbè kan ààbọ̀ ló dá nìkan mu níjọ́ ọ̀hún! Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò pa èmi lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹmu ni, àmọ́ Àlàmú ò mọ̀. Ó gbà yín gbọ́. Láti kékeré ló ti gbà yín gbọ́.

Ẹ̀rù sì ń ba òun náà o! Ẹ má jẹ́ kí orin yẹn tàn yín. Nígbà tó sùn, mo gbọ́ bó ṣe ń mí, kì í ṣe èémí ẹni tó ń sùn. Ẹ̀rù méjì ló dì í mú, ẹ̀rù ihò àti ẹ̀rù irin, ti irin ló wá bà á jù. Ó ní ìdajì ọjọ́ péré ló kù. Ó ní àwọn á kàn gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri tó ń làágùn yẹn sí i, omi á tú jáde, àwọn á pọn ọ́n, àwọn á gbé e wá fún yín, ó parí. Ẹsẹ̀ ògiri, Bàbá! Ibi tí abọ́ òkè fi ẹsẹ̀ tì gan-an ni wọ́n fẹ́ lọ gbẹ́!

Ajá? Ẹ ní kí Àlàmú lọ wá ajá wá, kí ẹ wá fi bẹ Ògún lọ́la? Ọ̀la wo? Mo ní lẹ́yìn Jímọ̀ òní! Kareem ló dá wọn dúró títí di ìsinsìnyí, torí òun kì í wọ ihò lọ́jọ́ Ẹtì kó tó kírun. Ọlọ́run á bá mi kẹ́ Kareem. Ìrun Jímọ̀ nìkan ló di ẹ̀mí ọkọ mi mú báyìí, bí lèmọ́mù bá sì ti ní sàláámà, ó tán.

Kí lẹ wí? Ẹ tún un wí, etí mi ti ń hó. Obìnrin kì í dá sọ́rọ̀ irin. Hẹ̀n-ẹn. Ó dáa. Bí òkúta yẹn bá ṣí lọ lónìí, ta ni wọ́n máa wá bá pé kó fi gèlè sílẹ̀, kó wọ dúdú? Irin ni? Ta ni Ọláyínká máa bi pé ìgbà wo ni bàbá òun ń bọ̀, tí kò ní sí òkú tí wọ́n máa rí fi hàn án, torí kò sẹ́ni tó lè gbé òkúta yẹn kúrò lórí wọn? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá dá a lóhùn? Kí lẹ máa sọ fún un, pé ihò ni ihò?

Ẹ má bínú. Ẹ má bínú, Bàbá, ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mi ò bá yín jà. Mi ò sì bá irin jà, mi ò lágbára rẹ̀. Àṣà lẹ ní, àṣà náà ni mo gbé wá. Ẹ bá mi tún ìbúra yẹn wí. Ẹ kàn wí i, ẹ̀yin lẹ ni ín.

“Títí omi rẹ̀ yóò fi dé ẹnu Bàbá.” Ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀ náà lèmi gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ ò dárúkọ garawa. Ẹ ò dárúkọ okùn. Ẹ ò ní ó gbọ́dọ̀ kún ìkòkò, ẹ ò ní ó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, ẹ ò sì ní ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ gbé e wá. Omi rẹ̀, ẹnu yín, ó parí.

Ìgò rèé.

Ẹ gbà á, kò ní já yín jẹ. Mo fún ṣòkòtò yẹn sínú abọ́ lánàá, mo fún un títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, mo rọ ohun tó jáde sínú ìgò. Òjò kọ́, Bàbá. Ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti wá, ara ògiri ihò Ìdí-Ayùnrẹ́ ló ti làágùn rẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ mi ló gbé e jáde. Ó funfun bí omi ògì, bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i. Ẹ mì ín kó pò pọ̀. Ẹ má wojú mi, ìgò ni kí ẹ máa wò. Ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré, mo fi orí ọmọ mi bẹ̀ yín, mo fi orí bàbá tó fi díígà yẹn sílẹ̀ fún yín bẹ̀ yín!

Ó ti dé ẹnu yín. Mo rí i, ó ti dé ẹnu yín! Yéè, ẹ ṣeun, ẹ máa dàgbà, ẹ máa... Kí ló dé? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi di ọ̀fun mú? Ẹ ní irú omi wo nìyí? Ẹ ní ó ń yọ̀? Ó ń yọ̀ lórí ahọ́n yín, ẹ ò rí i dì mú, ẹ ò rí i gbé mì?

Orí ohun tó ń yọ̀ yẹn lọmọ yín fẹ́ lọ dúró lé, Bàbá.

Bàtà yín rèé, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ gbé díígà yẹn lọ́wọ́, torí bí wọn ò bá fojú ara wọn rí i kí ẹ fọwọ́ kan irin lẹ́nu ihò, wọn ò ní gbà. Ẹ jẹ́ ká lọ. Wọn ò tíì pe ìrun.